Cayman silíńdà mẹ́fà ni àbí 718 olótọ́bò? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó ná owó mi

Atẹ̀wé_Ṣómólú (Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e síta kí n tó kówó lé e.

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń tọ́jú owó nítorí Porsche Cayman, ọkọ̀ eré àwọn ará Jámánì tó ní ìjókòó méjì péré. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, láti ìgbà tí mo ti ń gé bébà nídìí ẹ̀rọ ọ̀gá mi ló ti ń wù mí. Tòkúnbọ̀ méjì ni mo rí báyìí. Ọ̀kan jẹ́ Cayman 2014, lítà 2.7, silíńdà mẹ́fà, kò ní tọ́bò. Èkejì jẹ́ 2017, 718 Cayman ni wọ́n kọ sí i lẹ́yìn, lítà 2.0, silíńdà mẹ́rin, tọ́bò wà nínú rẹ̀. Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ni èkejì fi wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó ń tà á ní, "Ọ̀gá, èyí ni tuntun, ẹ ò rí i pé orúkọ rẹ̀ gan-an ti yí padà." Mo ní ṣé orúkọ ni mo fẹ́ fi mílíọ̀nù mẹ́sàn-án rà ni? Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.

Ohun tí kò yé mi ni bí ẹ́ńjìnì ṣe kéré sí i tí wọ́n tún ní agbára rẹ̀ pọ̀ sí i. Ṣé ó máa pẹ́ lọ́wọ́ mi nínú oòrùn àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó yìí? Surulere ni mò ń gbé, Ṣómólú ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo sì máa ń gba Third Mainland kọjá lọ gbé iṣẹ́ fún oníbàárà ní Marina. Ẹ bá mi dá sí i.

(Ìyàwó mi ti béèrè ibi tí àwọn ọmọ máa jókòó sí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.)

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó (8:52 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra 2014 yẹn, kí ẹ wá bá mi ní Ládípọ̀ ká ra "718" ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nídìí. Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ti wọlé nìyẹn. Ṣé ẹ ò tíì rí Mercedes ML 2008 tí wọ́n fi ojú GLE sí ni? Ọ̀kan wà ní àdúgbò wa. Ọjọ́ tí ó gbóná lójú títì tí wọ́n ní kí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni àṣírí tú.

Oní_C300_Gbágádà (9:05 alẹ́)

Ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ti jẹ mí níyà rí.

Nígbà tí Mercedes sọ ML di GLE ní 2015, tí GLK di GLC, tí SLK náà di SLC ní 2016, wọ́n kéde rẹ̀, gbogbo ayé gbọ́. C300 ni kò sọ fún ẹnì kankan. Èyí tí mo kọ́kọ́ lò, 2009, V6, ìyẹn silíńdà mẹ́fà, lítà 3.0 ló wà nínú rẹ̀. Mo tà á, mo ra 2015. C300 náà ni wọ́n kọ sí i lẹ́yìn. Mo gbé e délé, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo rí silíńdà mẹ́rin, lítà 2.0, tọ́bò. Mo pe ẹni tó tà á fún mi, mo ní ìwọ ọ̀gbẹ́ni yìí, níbo lo gbé ẹ́ńjìnì mi sí? Ó ní bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde nìyẹn. Òótọ́ ló sì sọ. Agbára ẹṣin 228 ni ti tẹ́lẹ̀, 241 ni ti èyí. 300 yẹn kò tún ní nǹkan ṣe pẹ̀lú lítà mọ́.

BMW 328i náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ti 2011, silíńdà mẹ́fà lítà 3.0 ni. Ti 2012, mẹ́rin lítà 2.0 pẹ̀lú tọ́bò. C63 ti Mercedes tí àwọn ọmọ Island ń fi pariwo lóru ńkọ́? V8 lítà 6.2 ló fi bẹ̀rẹ̀, ó di 4.0 onítọ́bò méjì, èyí tó jáde ní 2022 wá di silíńdà mẹ́rin lítà 2.0 pẹ̀lú iná mànàmáná, 63 kò sì kúrò ní ìdí rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀, ẹ má kà á. Ìwé rẹ̀ ni kí ẹ kà. Ti Porsche tilẹ̀ sàn, nígbà tí wọ́n yí inú padà, wọ́n yí orúkọ náà padà.

Bàbá_Ìjàpá (9:31 alẹ́)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjókòó. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, Ebute Mẹ́ta ni mò ń gbé. Ọkọ̀ ìjàpá ni mo fi gbé ìyàwó mi relé ní 1978. Lójú ọ̀nà Badagry níbí ni wọ́n ti tò ó, ní ilé iṣẹ́ Volkswagen tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, silíńdà mẹ́rin, méjì kọjú sí méjì, gbogbo wọn dùbúlẹ̀ bí ẹni tó nà sórí ẹní. Ta ló ṣe ètò ìjàpá? Ferdinand Porsche ni. Nígbà tí ọmọ rẹ̀, Ferry, gbé ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń jẹ́ Porsche jáde ní 1948, èyí tí wọ́n ń pè ní 356, ohun èlò inú ìjàpá ló fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Silíńdà mẹ́rin náà ni. Ìgbà tí 911 dé ní 1963 ni mẹ́fà tó wọ inú ilé. Ẹni tó bá ń sunkún nísinsìnyí pé wọ́n ba ìdílé jẹ́, ẹ bi í bóyá ó mọ bàbá àgbà.

Ní ti orúkọ, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Wọn ò kàn ṣa 718 yẹn nílẹ̀. Ọkọ̀ eré ìje kan jáde ní 1957 tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà láàárín, silíńdà mẹ́rin, kò sì tóbi rárá. Ó gba eré ìje Targa Florio ní Sísílì ní 1959, ó tún padà lọ gbà á ní 1960, níwájú àwọn tí ẹ́ńjìnì wọn jù ú lọ. Lẹ́yìn ọdún pípẹ́, ní 2016, wọ́n bí silíńdà mẹ́rin sínú ilé yẹn padà, wọ́n wo ojú ọmọ, wọ́n ní bàbá ti dé. Kí la máa ń sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí? Babátúndé ni.

Etí_Kì_Í_Purọ́ (9:44 alẹ́)

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n Babátúndé yìí, ohùn bàbá àgbà kọ́ ló gbé wá sáyé.

Mo ti wa méjèèjì. Èyí tó ní silíńdà mẹ́fà, tí ẹ bá rọra ń lọ, kò ní pariwo. Bí ọwọ́ tó ń ka yíyípo ẹ́ńjìnì ní ìṣẹ́jú kan bá ti kọjá 5,000 ni ohùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mú, bíi dùndún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá awọ rẹ̀ sóòrùn. Agbára rẹ̀ kò pé títí á fi dé 7,400, nítorí náà ẹ máa fẹ́ gbé e dé ibẹ̀ lójoojúmọ́. 718 lítà 2.0 ńkọ́? Ẹ lọ sí Tẹ́júoṣó láàárọ̀, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta nígbà tó ń lọ tàtàṣé. Ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ta ló ń fi owó Porsche ra ẹ̀rọ ìlọta?

Ariwo tí a pa kò sì lọ lásán. Ní 2020 wọ́n gbé silíńdà mẹ́fà padà sínú 718 GTS, lítà 4.0, kò sí tọ́bò, agbára ẹṣin 400. Bí mẹ́rin bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi padà?

Bàbá_Ìjàpá (9:50 alẹ́)

Ohùn ẹ̀rọ ìlọta ló gbé ìyàwó mi délé o. Kò sọ̀ kalẹ̀ di òní.

Mẹkáníìkì_Mushin (10:20 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń bọ̀, ọwọ́ mi ò tíì mọ́ tán, ẹ foríjì mí bí mo bá ṣì í tẹ̀.

Ọ̀gá Atẹ̀wé, ìbéèrè yín lórí bí kékeré ṣe ń lágbára ju ńlá lọ. 2.7 yẹn fúnra rẹ̀ ló ń fa atẹ́gùn sínú, bí èmi àtẹ̀yin ṣe ń mí. Ìwọ̀nba tí àyà rẹ̀ gbà ló lè fà. Ṣé ẹ ti dé ilé alágbẹ̀dẹ rí? Ẹwìrì tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn síná, òun ni tọ́bò. Kàkà kí ọmọ iṣẹ́ jókòó tì í, èéfín gbígbóná tó fẹ́ gba sàláńsà jáde ló ń yí fáànù kékeré kan, fáànù yẹn ń yí ìkejì rẹ̀, ìkejì ń ti atẹ́gùn gììrì wọ inú silíńdà. Bí atẹ́gùn bá pọ̀, epo náà lè pọ̀, iná á sì le. Bí 2.0 ṣe ní agbára ẹṣin 300 nìyẹn, tí 2.7 ní 275. Tọ́ọ̀kì, ìyẹn ipá tí ẹ ń mọ̀ lẹ́yìn ìjókòó, tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: 380 Nm sí 290. Ó sì ti pé láti yíyípo 1,950 ní ìṣẹ́jú kan. Ti 2.7, àfi tí ẹ bá gbé e dé 4,500. Láàárín Ojúẹlẹ́gba sí Fadeyi, ìgbà wo lẹ fẹ́ rí 4,500?

Ibi tí mo ti gba ti tọ́bò nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mò ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ìkíní ni ọ́ìlì. Inú ooru líle ni fáànù yẹn ti ń yípo, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló ń gbà á sílẹ̀. Ọ̀gá kan gbé olótọ́bò wá bá mi lọ́dún tó kọjá, ó ń yọ èéfín búlúù bí ẹni ń dáná ìgbẹ́. Mo tú páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí tọ́bò, ohun tó wà nínú rẹ̀ dà bí èyí tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀, dúdú, ó le, mo ní láti fi wáyà họ ọ́. Ọ́ìlì ẹ̀gbẹ́ títì tí wọ́n tún dì sínú gálọ́ọ̀nù tuntun ni dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ń rà, tó ń jẹ èrè orí rẹ̀. Ẹ ra 0W-40 gidi lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní 5,000 kìlómítà. Ìwé wọn sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìwé yẹn kò dúró wákàtí méjì ní Oṣòdì rí.

Ìkejì ni epo. Ní òkè òkun, wọ́n ń kọ nọ́ńbà ọ́kítéènì sára ẹ̀rọ ilé epo, èyí tó ń sọ bí epo ṣe lè dúró tó kí ó tó gbiná fúnra rẹ̀, oníkálukú ń yan èyí tó bá ẹ́ńjìnì rẹ̀ mu. Porsche fẹ́ 98. Tiwa, ọ̀kan ṣoṣo ni, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Epo tí kò tó á fẹ́ gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó tó, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á gbọ́ ọ, á sì dín agbára kù kí písítìn má baà bàjẹ́. Èyí tó ní tọ́bò ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé ó ti fún atẹ́gùn pọ̀ kí iná tó kàn án. Ẹ rántí oṣù kejì 2022 tí epo olómethanol wọ ìlú? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń tú ọ̀pá epo. Nítorí náà, ẹ yan ilé epo kan tí èrò pọ̀ níbẹ̀, kí epo má baà pẹ́ nínú ilẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí táńkì gbẹ.

Ìkẹta, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ sikánà tó mọ Porsche wò ó, kí ẹ béèrè wákàtí tí ẹ́ńjìnì ti ṣiṣẹ́. Máìlì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n lè fà á sẹ́yìn. Ti wákàtí kì í sábà wá sí wọn lọ́kàn. Ẹ fi wákàtí pín máìlì. Bí ó bá jẹ́ 40,000 máìlì àti wákàtí 1,300, nǹkan bí 31 máìlì ní wákàtí kan nìyẹn, ó bá ọgbọ́n mu. Bí èyí tó jáde bá kéré jù, ẹ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ẹlòmíràn tó ń ka èyí, tí wọ́n fẹ́ ta Cayman 2006 tàbí 2007 fún ní owó pọ́ọ́kú: bíárìn kan wà nínú ẹ́ńjìnì ìgbà yẹn, bó bá fọ́, ẹ́ńjìnì lọ nìyẹn. Láti 2009 ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ má ní n kò sọ.

Atẹ̀wé_Ṣómólú (10:41 alẹ́)

Ọ̀gá Mushin, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á bù sí i. Ti ẹwìrì yẹn yé mi wàá. Ṣé àwọn ará Jámánì ò mọ̀ pé ohùn mẹ́fà dára ni, tí wọ́n fi dín in kù?

Àgẹ́ǹtì_Tincan (Ọjọ́ Ajé, 6:15 àárọ̀)

Owó ìjọba ni, ọ̀gá mi. Iṣẹ́ mi nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n dáhùn kí n tó wọ pọ́ọ̀tù.

Ní Yúróòpù, wọ́n ń wọn èéfín carbon tó ń jáde nínú ọkọ̀ tuntun. Ìlànà wọn dé 130 gíráàmù fún kìlómítà kan ní 2015, wọ́n tún rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sí 95 láti 2020 sí 2021. Ìpíndọ́gba gbogbo ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ bá tà ni wọ́n ń wò, bí ó bá sì kọjá, 95 Euro lórí gíráàmù kọ̀ọ̀kan, lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá mi fi ìyẹn lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀. Ní Ṣáínà, bí ẹ́ńjìnì ṣe tóbi tó ni owó orí ṣe pọ̀ tó: ó ju lítà 1.5 lọ ṣùgbọ́n kò ju 2.0 lọ, 5%, láàárín 2.5 sí 3.0, 12%, ó kọjá 4.0, 40%. Ẹ gbé 2.7 àti 2.0 sórí ìwọ̀n yẹn.

Àwa náà dán an wò níbí. Ní 2023, wọ́n gbé owó kan jáde lórí ọkọ̀ tó ń wọlé: lítà 2.0 dé kí ó tó pé 4.0, 2%, 4.0 sókè, 4%. 718 yẹn, 1,988 cc ni wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀, kò pé lítà 2.0, ó fi díẹ̀ bọ́. Ṣùgbọ́n oṣù keje ọdún yẹn ni Ààrẹ ní kí wọ́n dá a dúró.

Ẹ sì béèrè bóyá ọkọ̀ náà ti ní ìjàm̀bá rí lọ́hùn-ún. Nọ́ńbà VIN rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀, lẹ máa fi wò ó. Owó táṣẹ́rẹ́ ni.

Mẹkáníìkì_Mushin (7:02 àárọ̀)

Àgẹ́ǹtì sọ òótọ́. Kí n fi kún un pé inú yàrá ni wọ́n ti ń wọn èéfín yẹn, ọkọ̀ ń rọra yí lórí róólà. Tọ́bò kékeré máa ń ṣọmọlúàbí níbẹ̀. Bó bá dé ọwọ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, á mu epo bí àgbà ọ̀mu.

Sisí_Agungi (9:18 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni mo ní ẹ̀rọ ìlọta níbí. 718 Boxster, ọmọ ìyá Cayman tó ní orùlé aláṣọ, 2.0, ọdún kẹta rèé lọ́wọ́ mi, Lekki lọ sí Victoria Island lójoojúmọ́. Mo ti gbọ́ gbogbo ẹjọ́ tí ẹ rò.

Ohùn yẹn, n kò ní purọ́, òwúrọ̀ ni ìtìjú rẹ̀. Bí mo bá tanná sí i ní aago márùn-ún ààbọ̀, ó máa ń ṣe kàtàkàtà bí ìṣẹ́jú kan kó tó balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ gbé e dé, mègáàdì wa wá bá mi, ó rọra ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o, mo rò pé silíńdà kan ti kú níbẹ̀." Mo ní mẹ́rin ni, gbogbo wọn wà láàyè. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dé Lekki-Ikoyi Link Bridge nígbà tí ọ̀nà bá ṣí. Ẹ kàn fẹsẹ̀ kan án, ọkọ̀ ti lọ. N kò nílò kí n máa wá 7,000 kiri nígbà tí dáńfó kan bá já lù mí lójijì. Tẹ́lẹ̀, silíńdà mẹ́fà ni mo ní, Boxster 2013, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó dùn mí nígbà tí mo tà á. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ irú rẹ̀ tó ń kọjá, mo máa ń yíjú wò ó. Ìyẹn ni pé Etí Kì Í Purọ́ ò purọ́. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mélòó lọ́sẹ̀ ni mo rí ọ̀nà tí mo fi lè jẹ́ kó kọrin? Bóyá ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn ọjọ́ yòókù, èmi àti òun kàn jókòó sí Jakande ni.

Ọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi kí n tó rà á, ẹ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ́ńjìnì wà láàárín, ṣùgbọ́n radíétọ̀ wà níwájú, lẹ́yìn ihò ńlá méjì inú bọ́ńpà. Ihò yẹn ń gbá gbogbo ohun tó wà lójú títì jọ. Ní ọdún kìíní, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ní Chevron, fáànù rẹ̀ ń ké bí bàálù. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn kan tó ní àwọn mọ Porsche dáadáa, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń fa omi ló kú, wọ́n kọ iye tó tó owó ilé ọdún kan. Ọlọ́run ló ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bọ̀ọ̀dá yẹn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ihò apá ọ̀tún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rá píọ́-wọ́tà jáde, ọ̀kan, méjì, títí tó fi di méje, pẹ̀lú ewé gbígbẹ àti ike Gálà kan. Ẹ̀rọ omi kò ṣe nǹkan kan. Oṣooṣù ni mo ń yẹ̀ ẹ́ wò báyìí.

Ẹni tó bá sì fẹ́ Boxster bíi tèmi, àwọn ihò kéékèèké wà lẹ́bàá orùlé aláṣọ tí omi òjò ń gbà ṣàn lọ. Bí ewé bá dí wọn, inú ọkọ̀ ni omi ń lọ, ó sì máa ń lọ bá wáyà. Abẹ́ igi mángòrò kọ́ ni kí ẹ máa gbé e sí. Bí òjò bá sì ti rọ̀ mọ́jú ní Lekki, ilé ni tèmi ń wà, Uber ni mò ń wọ̀.

Ti gálọ́pù: ẹ má kọjú sí i tààrà. Ẹ gbà á ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́, táyà kan lẹ́yìn èkejì. Àwọn tó wà lẹ́yìn yín á máa fọn fèrè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọn ọ́n.

Oní_C300_Gbágádà (9:40 àárọ̀)

Ike Gálà kẹ̀!

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó (9:43 àárọ̀)

Ọkọ̀ tó ń jẹun lójú ọ̀nà. Àǹtí, ẹ ra Lákásẹ́rà mọ́ ọn fún un.

Etí_Kì_Í_Purọ́ (10:10 àárọ̀)

Mo gbà pé ti Àǹtí Agungi ní ìtumọ̀. Bó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ lẹ fẹ́ máa wọ inú go-slow, mi ò ní ta ko 718. Ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wé ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lẹ ní ẹ ń kọjá afárá. Aago mélòó?

Atẹ̀wé_Ṣómólú (10:25 àárọ̀)

Aago márùn-ún ìdájí. Mo máa ń fẹ́ dé Marina kí wọ́n tó ṣí ọ́fíìsì, kí n sì padà kí ọ̀nà tó dí. Ọ̀nà máa ń ṣófo.

Etí_Kì_Í_Purọ́ (10:27 àárọ̀)

Nǹkan bíi kìlómítà 12, ó ṣófo, ìdájí, ọ̀sà lọ́tùn-ún lósì. Kí lẹ tún ń bi wá?

Mẹkáníìkì_Mushin (10:31 àárọ̀)

Ẹ kọ́kọ́ lọ fi sikánà wo méjèèjì. Etí kì í san owó ẹ́ńjìnì.

Atẹ̀wé_Ṣómólú (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́tàdínlógún)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo padà wá jábọ̀.

Ọ̀gá Mushin bá mi lọ, kí Ọlọ́run bá mi san án fún un. 718 la kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ní 38,000 máìlì. Sikánà ní wákàtí 2,900. Ọ̀gá Mushin fi fóònù pín in níwájú oníṣòwò náà: máìlì 13 ní wákàtí kan. Ó bi í pé ṣé Oṣòdì ni wọ́n ti ń wà á ní Amẹ́ríkà ni? Ọ̀gbẹ́ni yẹn ní kọ̀ǹpútà máa ń ṣàṣìṣe. Ọ̀gá Mushin ká kápẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà sókè, ó fi ìka ra ibẹ̀, ó fi ìka hàn mí. Iyanrìn funfun lúbúlúbú, irú èyí tó máa ń kù sílẹ̀ bí omi bá fà. A kí i, a jáde.

2.7 náà kò mọ́ tán. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn apá òsì ń jo, táyà iwájú méjèèjì sì ti gbó. Ṣùgbọ́n wákàtí àti máìlì rẹ̀ bára mu, VIN rẹ̀ mọ́, ọ́ìlì rẹ̀ mọ́. Mo ná an wálẹ̀ nítorí ṣọ́ọ̀kì, mo rà á.

Bàbá Ìjàpá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo bọ̀wọ̀ fún Babátúndé. Kì í ṣe nítorí silíńdà mẹ́rin ni mo fi kọ̀ ọ́, omi ló ti bà á jẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Bí ó bá mọ́ ni, bóyá òun ni ǹ bá rà, nítorí ohun tí Àǹtí Agungi sọ wọ̀ mí lára.

Mo wà á kọjá Third Mainland ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ibi tó kọjú sí Makoko ni mo ti jẹ́ kó gòkè díẹ̀ ní gíà kejì. Àwọn apẹja ti wà lórí omi pẹ̀lú àtùpà. Mo yọ ẹsẹ̀, mo ṣí fèrèsé, mo tún tẹ̀ ẹ́. Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé mi. Ìyàwó mi ní àwọn ọmọ máa wà nínú Sienna.

Bàbá_Ìjàpá (wákàtí kan lẹ́yìn náà)

Kò sí ìbínú, ọmọ mi. Ẹ kú oríire, á gbé yín débi ire. Ẹ gbé e wá sí Ebute Mẹ́ta lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí n fi etí ara mi gbọ́ ọ.

Sisí_Agungi (wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà)

Bọ̀ọ̀dá Atẹ̀wé, ẹ kú oríire o! Ṣé ẹ ti wo ihò iwájú yẹn?

Atẹ̀wé_Ṣómólú (ní alẹ́)

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán ni. Ọ̀rá mẹ́rin lápá òsì. Ọ̀kan ṣì ní omi nínú.